Ọ̀rẹ́ mi mú mi dé ẹgbẹ́ onímọ́tò àtijọ́, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ṣúúrùlérè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń bá ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò àtijọ́ ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè mí pé kí n wá wò wọ́n, èmi a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé mọ́tò tí àwọn bàbá wa ti tà dànù ni ẹ tún ń wá kiri. Sọ́ńdè tó kọjá ló mú mi dé Marina láàárọ̀ kùtù, kí títì tó kún.

Volkswagen ìjàpá wà níbẹ̀, Pijó 504 wà níbẹ̀, Mercedes àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Morris Minor kan tí sitiárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo bi bàbá tó ni ín bóyá ìlú òyìnbó ló ti gbé e wá. Ó ní rárá o, Èkó níbí ló ti ń rìn látọjọ́ tó ti wà ní tuntun, pé ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì tẹ́lẹ̀ kí ìjọba tó yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ó ní kí n wọlé jókòó, kí n fa ṣóòkù, ìyẹn ọwọ́ tí a ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè tanná, kí n sì tanná sí i. Ẹ́ńjìnnì yẹn wúkọ́, ó gbọn gbogbo ara, ló bá balẹ̀. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn tẹ́ etí sí i, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó sì ń ti ṣóòkù náà padà díẹ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná.

Wàyí o, ṣé ó di dandan kí èèyàn ní mọ́tò kó tó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Èwo ni ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan lè fi bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò máa tún un ṣe, nígbà tó jẹ́ pé mẹkáníìkì àdúgbò mi, tí kò bá ti ki kọ̀ǹpútà bọ mọ́tò, kò mọ ohun tó ń ṣe é? Mo ní Corolla tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì ní tà á. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá gbé irin àlòkù wọ ọgbà, ọjọ́ yẹn lòun náà á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wọlé.

Bàbá Ìjàpá

Àbúrò, káàbọ̀. Ra ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn fún un báyìí, kó o tó ra mọ́tò. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò di dandan kó o ní mọ́tò. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àwọn kan wà tí wọn ò ní in títí dòní, àwòrán ni wọ́n ń yà, àwọn mìíràn a máa bá èèyàn wá páàtì. Kì í ṣe ìwọ́de Sọ́ńdè ni ẹgbẹ́ fi wúlò, nọ́ńbà fóònù inú ẹ̀ ni. Ẹnì kan mọ àgbà tó ṣì ń tún kàbúrétọ̀ ṣe, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ẹnì kan mọ ìyá kan ní Yábàá tí mọ́tò ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ tapólínì látìgbà tí bàbá náà ti papò dà. Ẹnì kan ní gíláàsì iwájú tí o ti wá títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro ọ́. Torí náà, máa lọ. Bá wọn fọ mọ́tò, bá wọn ti èyí tó bá kọ̀ láti tanná, máa bèèrè ọ̀rọ̀. Kó o sì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan mọ́tò onímọ́tò láìtọrọ àyè, pàápàá tó o bá de bẹ́líìtì tó ní irin lójú. Ọ̀dà tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà kùn, ìṣẹ́jú kan ni yóò ha.

Ní ti èyí tí wàá rà, wo èyí tí wọ́n tò nílé. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò. Ibẹ̀ ni ìjàpá ti jáde, ibẹ̀ náà ni Igala ti jáde, èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasilia. Ọdún 1975 yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Mọ́tò tó bá ti pọ̀ nílùú rí, páàtì rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, àwọn àgbà tó fi í kọ́ṣẹ́ sì ṣì wà láyé. Àmọ́ tó o bá lọ ra arẹwà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló wà ní gbogbo Èkó, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn lásán ni wàá máa tìtorí ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun.

Ìjàpá ni mo máa sọ, ẹ bá mi gbé e pé tèmi ni. Kò ní rádíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń gba iná sí bátìrì. Tí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lórí ìrìn, má sọ pé ilé ò jìnnà mọ́. Dúró lójú ẹsẹ̀, lọ wo bẹ́líìtì yẹn. Ọ́ìlì rẹ̀ ò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, kò sì ní fílítà ọ́ìlì, asẹ́ lásán ló ní, ìdí nìyẹn tí a fi ń tètè pààrọ̀ rẹ̀. Fáàfù rẹ̀ ńkọ́, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa nínú ẹ́ńjìnnì? Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni à ń wọn àlàfo rẹ̀, 0.15 mm. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì gbóná, gba kọ́kọ́rọ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń ba ìjàpá jẹ́ ni àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Wọ́n á tú u, wọ́n á ní kò wúlò, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páànù yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ síbi tó yẹ kó fẹ́ sí. Gbé e wọ sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ìkòròdú Road láìsí wọn, wàá fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Pánẹ́ẹ̀lì Bítà Múṣín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kì í jẹni lówó tó bọ́dì. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, à á rí òmíràn. Ilẹ̀ mọ́tò tó ti jẹrà, irin la ó gé, irin la ó jó, owó ni yóò sì máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè, ẹ ra mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí mọ́tò, ẹ máa fi kàn án lára: abẹ́ ilẹ̀kùn, etí ihò táyà, ìsàlẹ̀ buutù. Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà tí wọ́n fi ń dí ihò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má ká a, ẹ ká a. Nínú ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà, omi bátìrì sì máa ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ gbé ìjókòó yẹn sókè, ẹ fi ìka tẹ ilẹ̀ náà. Mo ti rí èyí tí mo tẹ̀ tí ìka mi yọ sí abẹ́ mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan bo orí bátìrì náà, torí sípíríìnì ìjókòó tó bá kan irin rẹ̀ nígbà tí ẹni tó sanra bá jókòó, iná ni.

Mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà á, èmi kì í yìn ín. Mo fẹ́ràn èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí mo ń rí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ lójú.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ọjà páàtì Ládípọ̀, ẹ mú páàtì tó bàjẹ́ dání. Ẹ má fẹnu ṣàpèjúwe ẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ní "Belgium" ni, àlòkù láti òkè òkun ni wọ́n ń sọ, ó sì sábà máa ń dáa ju tuntun tí wọ́n fi páálí tó ń dán wé lọ. Ẹ má dá dúró sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ lọ sí ASPAMDA, ọjà páàtì tó wà nínú Trade Fair. Owódé Oníirin náà ò gbẹ́yìn tó bá jẹ́ irin lásán lẹ̀ ń wá.

Àǹtí 504

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún Pijó, nítorí bàbá onìjàpá yìí ò ní sọ ọ́.

504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adìẹ ń yé sínú buutù rẹ̀. Àwọn bùrọ̀dá mi fẹ́ tà á fún oníirin, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mọ́tò tí wọ́n fi ṣe mọ́tò ọdún ní Yúróòpù ní 1969 rèé o, tí wọ́n sì ṣì ń tò ní Kàdúná nígbà tí àwọn Faransé fúnra wọn ti pa á tì.

Tí mọ́tò bá ti sùn pẹ́, ẹ má sáré tanná sí i. Gbogbo ọkùnrin tó wá síbẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n "jọ́mpù ẹ̀". Mo kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa epo inú táǹkì rẹ̀ dànù, epo tó ti pẹ́ ti di nǹkan mìíràn, òórùn ẹ̀ gan-an á sọ fún yín. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì fúnra yín, jẹ́jẹ́. Tó bá yí, ọpẹ́ ni. Tó bá le, ẹ má fipá mú un. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, gbogbo ẹ̀ pátá, kódà èyí tó dà bíi pé ó ṣì dáa. Rọ́bà tó sán tí epo ń ro lé ẹ́ńjìnnì lórí ló ń jó mọ́tò àtijọ́, ẹ sì gbé ẹ̀rọ panápaná sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó yín, kì í ṣe sínú buutù.

Lẹ́yìn èyí, bíréèkì ni. Ohun tó ń dá mọ́tò dúró ló ṣíwájú ohun tó ń mú un rìn. Ọ̀pá bíréèkì, sìlíńdà, omi bíréèkì, tuntun ni gbogbo tèmi. Táyà náà, ẹ má wo ojú ẹ̀ pé ó ṣì ní eyín. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀: 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Pijó ní rádíétọ̀, ooru Èkó sì ń dà á láàmú nínú gósílóò. Ti àwọn kan, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú fáànù yí nígbà tí omi bá gbóná. Rìwáyà tí kò mọ̀ ọ́n á sọ pé fáànù ti kú, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ló já.

Ní ti owó, ẹ ra páàtì fúnra yín, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ san fún oníṣẹ́, ẹ má sì san án tán kó tó parí. Ẹ ya àwòrán ohun gbogbo kí wọ́n tó tú u. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kọ ibi tó ti wá sára ẹ̀. Mẹkáníìkì kan gba kàbúrétọ̀ mi lọ fún ọjọ́ méjì, òmíràn ló gbé padà fún mi, ó ní òun náà ni. Àwòrán tí mo ti yà ló là á lóhùn. Ó sì bá bùrọ̀dá mi sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, bíi pé èmi tí mo ni mọ́tò ò sí níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì Toyota

Gbogbo wàhálà yìí. Èmi, ẹ́ńjìnnì Toyota ni mo kì sínú 504 mi. AC ń ṣiṣẹ́, mo ń gbé e gun Third Mainland lójoojúmọ́, mi ò mọ kàbúrétọ̀ kankan.

Bàbá Ìjàpá

Mọ́tò ẹ ni, owó ẹ ni. Ṣáà máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ. Kó o sì tọ́jú ẹ́ńjìnnì tó o yọ, torí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á fún ọmọ ẹgbẹ́, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Àǹtí 504

Ẹ wo bí Bàbá Ìjàpá ṣe ń dáhùn jẹ́jẹ́ lónìí. Lójú kòrókòró, ariwo ló máa pa.

Ọmọ Ṣúúrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n ní epo òde òní ń ba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́, ṣé òótọ́ ni? Èkejì, mo ti rí 504 kan ní Bàrígà. Ọmọ ẹni tó ni ín ló ń tà á. Ó ní ìwé rẹ̀ ti sọnù ṣùgbọ́n pé kò sí wàhálà.

Bàbá Ìjàpá

Lórí epo: òjé ni wọ́n máa ń pò mọ́ bẹntiróòlù láyé àtijọ́, wọ́n sì ti yọ ọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Ẹ́ńjìnnì tí orí rẹ̀ jẹ́ irin lásán, bíi ti Morris tó o rí yẹn, òjé ló ń bá a dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Máṣínìsì lè fi ìjókòó fáàfù tó le sí i, ó parí. Orí ìjàpá àti ti 504 kì í ṣe irin lásán, àlùmíníọ́ọ̀mù ni, ìjókòó fáàfù tó le sì ti wà lójú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fi ọkàn balẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta epo látìgbà tí owó ìrànwọ́ ti lọ ní 2023 ló yẹ kó kó ìdààmú bá ọ.

Akọ̀wé Ìkẹjà

"Kò sí wàhálà" yẹn gan-an ni wàhálà.

Má san kọ́bọ̀ kó o tó rí orúkọ ẹni tí mọ́tò wà lórúkọ rẹ̀. Ṣé bàbá náà ṣì wà láyé? Tó bá wà, òun ni kó fọwọ́ sí ìwé títà, kì í ṣe ọmọ. Tó bá ti kú, jẹ́ kí ìdílé mú ìwé tó fi hàn pé àwọn ló láṣẹ lórí dúkìá rẹ̀ wá, torí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé Ìbàdàn lè yọjú lẹ́yìn tó o bá ti kùn ún tán. Ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, da nọ́ńbà ṣàsí kọ, da nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ, gbé wọn lọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n jí i gbé. Tí ìwé bá sọnù lóòótọ́, ìjábọ̀ ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù la fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ín ni yóò sì ṣe é. Ìwọ kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyípadà orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, àyẹ̀wò ìyẹ-fún-ìrìnnà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ìnṣọ́ránsì. Third party ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023, ẹni tó bá ní òun á bá ọ ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìwé lásán ló fẹ́ tẹ̀ fún ọ. Bọ̀dá tó fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí tirẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé yín o.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ronú pé òun á ra tòun ní London kí òun gbé e gba Apapa wọlé wẹ́rẹ́. Àlòkù mọ́tò tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti pọ̀ jù wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè kà léèwọ̀. Kọ́kọ́ bá aṣojú tó níwèé àṣẹ sọ̀rọ̀, kí owó ẹ tó kúrò níbí.

Ará Erékùṣù

Ẹ tún fi ti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kún un. Ní ọ̀dọ̀ wa lápá Lẹ́kí, ìpẹtà kì í sùn. Mo ń fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ tèmi. Mi ò sì jẹ́ fi ọ̀rá bò ó, torí òógùn á kó sábẹ́ ẹ̀. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni mo fi ń bò ó. Eku ńkọ́? Wọ́n fẹ́ràn wáyà àtijọ́ jù. Ẹ máa gbé mọ́tò náà jáde déédéé, kódà kó jẹ́ láti lọ ra búrẹ́dì.

Ọmọ Ṣúúrùlérè, kí ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tó pé, gba Onikan kọjá, wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú ẹ̀ ní oṣù kejì 1976 wà níbẹ̀, ihò ìbọn ṣì wà lára ẹ̀. Mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún ṣe ni.

Ọmọ Ṣúúrùlérè

Mo ti pe ọmọ náà. Ó ní bàbá òun wà láyé, pé Ìjẹ̀bú Òde ló wà, pé òun á bá mi pè é sórí fóònù. Ó ní kí n wá wo mọ́tò náà ní Sátidé, pé òun á ti tanná sí i dè mí kó lè gbóná dáadáa.

Bàbá Ìjàpá

Rárá o! Pè é padà báyìí, sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kó o bá. Tó o bá débẹ̀, kó o tó kí ẹnikẹ́ni, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́ wọ́rọ́, ohun kan wà tí kò fẹ́ kó o gbọ́ láàárọ̀. Tó bá tutù, jẹ́ kó tanná sí i lójú ẹ, kó o dúró sẹ́yìn, kó o wo èéfín. Funfun díẹ̀ tó tètè lọ, ìrì ni. Èyí tó bá dà bí aró tí kò sì dáwọ́ dúró, ọ́ìlì ló ń jó. Owó bàbá náà, ọwọ́ bàbá náà ní Ìjẹ̀bú Òde ni kó o san án sí.

Àǹtí 504

Bàrígà ò jìnnà sí mi. Màá bá ọ lọ, màá mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Aago méje àbọ̀, kí oòrùn tó mú bọ́ńnẹ́ẹ̀tì gbóná fún un.